Òróró Àdúrà Ìyá Onílé Wa

Nígbà tí National Harbor ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ lásán, ìyá onílé wa ní Temple Hills nítòsí ibẹ̀, ní Maryland l’Amẹ́ríkà, kì í jáde láìmú ìgò òróró míǹtì tí wọ́n ti gbàdúrà sí dání. Orí fífọ́ ni o, mọ́tò tí kò sítáàtì ni o, wọ́n á ta á sí i, wọ́n á ní: “Òróró àdúrà kì í pa ẹ̀dá Ọlọ́run.”

Lọ́jọ́ tí ológbò ọmọ wọn sín, wọ́n fi òróró náà pa á lára láti orí dé ìrù. Ológbò lá ara rẹ̀, ló bá ń da itọ́, ó ń gbọ̀n.

“Ẹ̀mí burúkú ló ń jáde yẹn!” ni ìyá onílé, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ń ké.

Ọmọ wọn sáré gbé e lọ; dókítà ẹranko ló wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ní májèlé ni òróró yẹn fún ológbò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mọ́mì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òróró àwọn ló jí ológbò dìde. Gbogbo ìjọ kígbe halelúyà. Ológbò nìkan ni kò ṣàmín: bó bá ti gbọ́ ìró ìdérí ìgò yẹn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá lọ.