Lẹ́tà tó wà nínú Ọkọ̀ Injíníà

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olóògbé kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Injíníà lọ́wọ́ opó rẹ̀ ní Ìlọrin. Ọkọ̀ olówó ńlá ni, pupa fòò, tí wọ́n dìídì ṣe fún eré. Inú rẹ̀ ni Injíníà kú sí lọ́nà Ọ̀mù-Àrán. Gbogbo ìlú ló ní eré àsápajúdé ló pa á. Èmi náà, tí mo jẹ́ tíṣà, fi í ṣe àpẹẹrẹ awakọ̀ búburú fún kíláàsì mi. Mẹkáníìkì tún iwájú ọkọ̀ náà ṣe, ó ní kò sí ohun tó kù.

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bísí, gbéra lọ sí Ọ̀mù-Àrán. A dúró jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kò dákẹ́. Ó ń gbọ̀n gììrì-gììrì.

Ẹlẹ́kọ na ọrùn. "Ta lẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò?"

"A ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Bí a ti wọlé padà, Ìyá Bísí fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò iwájú ọkọ̀. Wọn kò tíì ṣí i. Orúkọ Injíníà wà lára rẹ̀, àmì ọkọ̀ wa sì wà lẹ́yìn.

"Tíṣà, ṣí i wò. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, a kì í ṣí lẹ́tà ẹlòmíràn. Mo máa ń na ọmọ nítorí ẹ̀. Opó rẹ̀ ni n ó mú un fún."

"Ṣé òkú ló máa wá bá ẹ jà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fi í sápò ẹ̀wù.

Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ̀rótù, irin tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré. Eré ń pọ̀ sí i. Irin náà rì wọlé, bí ẹni pé ẹsẹ̀ kan tí n kò rí ló ń tẹ̀ ẹ́.

"Dín eré kù!"

"Èmi kọ́ ló ń sá a!"

Búréèkì kò ràn án. Mo yí kọ́kọ́rọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì, mo darí ọkọ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ kan, ebè sì dá a dúró gbì. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú. Àgbẹ̀ kan sáré dé. Kò tilẹ̀ kí wa.

"Ọkọ̀ pupa yẹn kọ́ nìyí? Ebè yìí náà ló wọ̀ lọ́jọ́sí."

Ìgbà náà ni mo tó ya lẹ́tà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló kọ ọ́: tọ̀rótù irú ọkọ̀ yìí máa ń há bó bá gbóná, kí ẹni tó ni ín má wà á mọ́, kí ó dá a padà kí wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́rí kan fi okùn fà wá padà sí Ìlọrin. Mo lọ tààrà sọ́dọ̀ opó, mo túmọ̀ lẹ́tà náà fún un.

"Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ló dé," ni obìnrin náà wí. "Mi ò lè ṣí lẹ́tà òkú. Mo rí àmì mọ́tò lára ẹ̀, mo fi sínú mọ́tò." Ó tọ́ka sí lẹ́tà náà. "Tíṣà, ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

"Kì í ṣe òun ló sáré?"

"Kì í ṣe òun, Àlàájà. Ẹ forí jì mí."

Nígbà tí mo dé kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún àwọn ọmọ pé àṣìṣe ni ohun tí mo ti kọ́ wọn nípa Injíníà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá ra ọkọ̀ àlòkù, ẹ ka gbogbo ìwé inú rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ má sì dá òkú lẹ́bi ohun tí ẹ kò rí.