Òjé Tí N Kò Fà

Èmi ni n kò fà á. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n má baà fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pá òjé mẹ́rìnlélógún ni ọ̀gá mi kó lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà pé kí n fà. Mẹ́ta péré ni mo fà. Nígbà tó bi mí, mo ní mo ti fa gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa lè ní kí ló wà nínú kéèyàn má fa òjé. Fèrèsé aláràbarà tí ẹ máa ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí oòrùn ń gbà kọjá tó ń da pupa àti búlúù sórí àwọn èèyàn, gíláàsì kéékèèké ni, òjé ló so wọ́n pọ̀. Àjàṣẹ́ ni ọ̀gá mi ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Faransé kan, ìdí nìyẹn tó fi ń pe òjé ní pulọ́ọ̀n títí dòní. Òjé náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga ju èèyàn lọ, ó ní kòtò lọ́tùn-ún lósì tí etí gíláàsì máa ń wọ̀. Ó rọ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Tí wọ́n bá fi máa kó o dé Ayétòrò láti Kútọnu, á ti lọ́, á ti wé mọ́ra. A ó fi fáìsì di orí rẹ̀ kan mú, a ó fi ẹ̀mú di orí kejì, a ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, a ó wá fà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi nà tó ìka kan sí i. Ìgbà tó bá nà yẹn ló ń ní egungun. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé, "Òjé tí a kò fà, ọ̀lẹ ni. Á dúró lónìí, á jókòó lọ́la."

Ó ń rí mi lára ni n kò fi fà á. Òjé tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń hu ìyẹ̀fun funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara. Ká tó fà á, a ní láti fi àkísà tí a rẹ sínú àdín nù ún, àdín tó ti pẹ́ nínú agolo títí tó fi ń rùn bí òkú eku. Ìyẹ̀fun àti àdín á wá di ẹrẹ̀ dúdú kan, á wọ abẹ́ èékánná, á wọ ilà ọwọ́. Mo lè fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mo bá jókòó ti ẹ̀bà, àdín ni mo ń gbóòórùn. Adùn kan tún wà nínú rẹ̀, adùn tútù bí ìgbà téèyàn bá fi ahọ́n lá irin. Ẹ̀yìn ọ̀fun mi ló máa ń jókòó sí. Tí mo bá tutọ́, n kì í fẹ́ wo itọ́ náà.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni fáìsì wà, ibẹ̀ náà ni ìyàwó ọ̀gá mi ń sin pẹ́pẹ́yẹ sí. Ẹni tó bá ti sin pẹ́pẹ́yẹ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ kì í gbẹ. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń fa ìkẹta, ẹ̀mú yọ, mo sì fi ìdí jókòó sínú ìgbẹ́ àti omi wọn, ó tutù wọ inú ṣòkòtò mi lọ. Ìyàwó ọ̀gá ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Alájì," ló ní, torí ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Mùsùlùmí ló ń ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, "ṣé àga náà rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Má dìde kíákíá o. Àwọn tó ni ilé ò tíì kí ẹ káàbọ̀."

N kò rẹ́rìn-ín. Èébì ń gbé mi. Mo kó òjé mọ́kànlélógún tó kù wọ ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ wọn sórí pákó, mo sì fi ìgò míníràlì yí wọn lọ yí wọn bọ̀ títí gbogbo wọn fi gún bí rúlà. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Kò gbà mí ní wákàtí kan.

Ọ̀gá mi ti lọ rí dókítà ojú ní Ìlaròó láti àárọ̀. Tẹ́lẹ̀, á gbé òjé sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á di ojú kan, á wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́dún yẹn, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan. Fèrèsé tí a ń ṣe, ti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Joga-Orílé ni. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun yóò fi í dágbére fún iṣẹ́, pé fèrèsé náà ni wọn yóò máa nàka sí pé bàbá báyìí ló ṣe é.

Nígbà tó ti Ìlaròó dé, ó fọwọ́ pa òjé náà. "Ṣé o fà á?"

"Mo fà á, sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Ó fa imú. "Kí ló ń rùn lára rẹ?"

"Mo ṣubú sínú ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ níbi tí mo ti ń fà á, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ẹni tí kò bá tíì jókòó síbẹ̀, kò tíì fa òjé." Ó sì gbé e lọ sídìí tábìlì. Ìgbẹ́ ló jẹ́rìí fún mi.

A gbé fèrèsé náà sí ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ó dúró nínú ọyẹ́. Nígbà tí oòrùn tẹ̀lé ọyẹ́, wọ́n pè wá.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, fèrèsé ti yọ ikùn bí àkèré. Pọ́tì, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí a fi ń dí etí gíláàsì, ń yọ jáde létí òjé, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí ikun imú, eṣinṣin ti lẹ̀ mọ́ ọn. Gíláàsì búlúù kan ti já bọ́ sórí bẹ́ǹṣì àwọn ìyá ìjọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò séèyàn níbẹ̀. Mo di àkàbà mú, ọ̀gá mi gùn ún, ó fi ìka tọ òjé náà láti òkè délẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Alàgbà tó pè wá kò ju ọmọ ọ̀gá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ bá ti sọ fún wa pé ẹ ò ríran mọ́."

Ọ̀gá mi ṣí fìlà. "Ojú mi ni, lóòótọ́. Irin tó yẹ kó dá a dúró, mo fi wọ́n jìnnà síra. Ẹ má bínú." Ó tẹrí ba fún ọmọdé yẹn. Èmi ṣì di àkàbà mú. Mo la ẹnu, adùn òjé nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kadà kan náà ló gbé wa padà sí Ayétòrò. Ẹ̀yìn ọ̀gá mi ni mo jókòó sí. Wọ́n yọ fèrèsé náà, wọ́n fi alumíníọ̀mù sí i. Ọ̀gá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó fi ẹ̀mú lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbà á. Ìwọ kì í fi iṣẹ́ ṣeré." Mo gbà á. Mo tún dúpẹ́.

Ìyá mi, tó ń ta òkìrìkà lọ́jà, nìkan ni mo sọ fún. Kò pariwo. Ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì lọ. "O ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́," ló wí. "Ta ló fẹ́ bá ẹ bọ́ ọ? Lọ bá bàbá náà." Mo ní màá lọ. Ọdún kejì rèé.

Mo sì ń lọ o. Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá kírun tán, mo máa ń ra búrẹ́dì lọ kí i. Fèrèsé alumíníọ̀mù ni mò ń ṣe báyìí, àmọ́ mo máa ń mú iṣẹ́ gíláàsì aláràbarà kékeré mọ́ ọn tí mo bá rí. Ọ̀gá mi kò ríran mọ́ rárá. Ohùn mi ló fi ń mọ̀ mí. Á di ọwọ́ mi mú, á gbé e símú.

"Òórùn àdín ò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́."

"Mo fọ̀ ọ́ ni, sà."

"Òjé ń kọ́? Ṣé o ṣì ń fà á kó o tó lò ó?"

"Mò ń fà á, sà."

Á mi orí, á ní kí ìyàwó òun bù mí lómi. Gbèsè gbólóhùn kan ni mo jẹ ẹ́, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti kọ ọ́ síbí báyìí. Òun kò lè kà á.