Lẹ́tà Olójú Ewé Mẹ́ta

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn àlejò ní ìjọ wa ní Bẹẹrẹ, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi bíi kí n kọ lẹ́tà. Tí wọ́n bá ti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni pé kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, lẹ́tà ni mo ń gbé jáde. Mo rò pé bí gègé mi bá ti kan bébà, ìjọba á gbọ̀n. Ẹ ò rí nǹkan!

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn akọrin wa. Ebira ni bàbá àti ìyá ẹ̀, ṣùgbọ́n àdúgbò Ọ̀rányàn, n'Ìbàdàn níbí, ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ èdè Ìbàdàn jù mí lọ. Ó yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ wọ́n ní kó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé, ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìjọba ìbílẹ̀ pé ọmọ agboolé òun ni.

A mú un lọ bá mọ́gàjí ibi tí àwọn òbí ẹ̀ háyà yàrá sí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí tó ń pọnmi fún ìyàwó mi láti kékeré? Ọmọ wa mà ni." Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó kù ká dákẹ́ ká máa lọ.

Èmi ò dákẹ́. Mo ní àánú kọ́ là ń tọrọ, ẹ̀tọ́ ni. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta pé Ebira lòbí ọmọ yìí, síbẹ̀ ibi tí wọ́n bí èèyàn sí nilé ẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù náà, mo fi òǹtẹ̀ ìjọ lù ú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kà á tán, ó wò mí títí. "Ọ̀gá, mọ́gàjí ní ọmọ àwọn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú un wá lẹ ní kì í ṣọmọ ibí. Èwo ni kí n gbà?" Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní ó ti wọ fáìlì. Mọ́gàjí náà ní òun ò ní fọwọ́ sí òmíì, kí wọ́n má lọ pe òun lópùrọ́. Ọjọ́ Ẹtì kọjá lójú wa báyìí.

Ọmọ náà ò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Ẹ ṣé o, bọ̀dá, ẹ gbìyànjú."

Abọ́ ike ló ń tà lọ́jà Gbági báyìí. Kọ́pì lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti kà á láìmọye ìgbà, mò ń wá ibi tí mo ti ṣì í kọ. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀.