Àádùn Inú Ọ̀rá

Òórùn àgbàdo yíyan ló máa ń jí mi nílé wa ní Mùṣín, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé tó bẹ̀rẹ̀. Màmá mi á ti jókòó ti ìkòkò irin lẹ́yìnkùlé, wọn á máa yan àgbàdo gbígbẹ lórí iná títí á fi pọ́n. Títí dòní, bí òórùn yẹn bá ta sí mi nímú níbikíbi, ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà mí díẹ̀ kí itọ́ tó kún ẹnu mi.

Àádùn ni wọ́n ń fi àgbàdo náà ṣe. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá wọn: kí wọ́n lọ àgbàdo yíyan kúnná, kí wọ́n fi epo pupa, iyọ̀ àti ata gígún pò ó, kí wọ́n sì pọ́n ọn sínú ewé ní gbígbóná. Ṣùgbọ́n Èkó kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà tí màmá mi fẹ́ máa tà á fún ò ní fẹ́ kí epo kan aṣọ funfun wọn. Ni wọ́n bá ra ọ̀rá tó mọ́ kedere, wọ́n ń fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Àádùn wá di ọjà olówó ńlá lójú wa, inú gbogbo wa dùn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ọjà ò tà mọ́ fún bàbá mi, tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀. Òwò òkírìkà tí màmá mi ṣe ṣáájú náà sì ti fọ́. Bàbá mi ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, "Bí èyí náà ò bá bọ́ sí i, Bísí á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́." Èmi ni Bísí. Mo fẹ́ràn ìyá àgbà, mo sì fẹ́ràn ọlidé lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ kí n fi màmá mi sílẹ̀ kí n lọ máa gbé ibẹ̀? Àádùn kan ò jáde nílé wa tí n kò gbàdúrà lé lórí.

Àdúrà mi ò dí àádùn lọ́wọ́ láti bu. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin gíga tó ń lo awò ojú, ló kọ́kọ́ dá tiẹ̀ padà, irun funfun ti hù lára àádùn náà. "Màmá Bísí, ẹ wò ó o. Ẹ má ta eléyìí fún ẹnikẹ́ni mọ́." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sẹ́ni tó tún rà á.

Mo retí kí màmá mi sunkún, wọn ò sunkún. Èmi ni mo ń sunkún. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa ta omi inú ọ̀rá bíi ti Ìyá Ṣadé. Omi kì í bu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àgbà ni mí, Bísí. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn ná."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n wọ ìró àti bùbá tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a gba Ìdí-Àràbà lọ láìgbé igbá ọjà kankan. Wọ́n dúró sẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbà kọjá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mi ò gbé nǹkan kan wá tà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni àádùn yẹn ṣe rí látọjọ́ tẹ́ ẹ rà á? Ẹ má wo ojú mi o." Òmíràn á pòṣé, á kọjá. Òmíràn á ní, "Màmá, ẹ má bínú jàre, mo ti pẹ́." Ojú ń tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì gíga yẹn dé. Òun dúró. "Ó dùn gan-an o, mi ò parọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo rà á gan-an, omi ti wà nínú ọ̀rá yẹn, bí ẹni pé ó ń làágùn. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn ni."

 Ni màmá mi bá fọwọ́ lu itan. "Ewé ń mí! Bísí, ewé ń mí, ọ̀rá ò mí!" Ooru tí ewé ń jẹ́ kó jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń sé mọ́ inú ọ̀rá l'Ékòó. Ìyá àgbà ò kọ́ wọn ní apá yẹn, torí ewé ti ń bá ìyá àgbà ṣe é.

Látọjọ́ náà, orí àtẹ fífẹ̀ ni àádùn máa ń wà títí á fi tutù pátápátá. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, apá á máa ro mí, inú mi á sì máa dùn. Nọ́ọ̀sì gíga yẹn ló kọ́kọ́ tún rà á, ó sì mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Bàbá mi ò dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ àfi tí ọlidé bá dé.

Lọ́dún yìí ni ṣọ́ọ̀bù tèmi kógbá wọlé ní Yábàá. Oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń sè fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, orí fóònù ni wọ́n ti ń pè fún un. Wọ́n kàn ń dín kù, wọ́n ń dín kù, títí iná fi kú lábẹ́ ìkòkò. Wọn ò tíì sọ pátákó mi kalẹ̀ tí mo ti ń wá ibi tí mo ti lè ra lọ́fínńdà tà. Mo pe màmá mi kí wọ́n lè gbàdúrà sí òwò tuntun náà. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Àwọn tó ń ra oúnjẹ rẹ tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n ní ó ṣe é?"

Mi ò tíì bi ẹnì kan. Mo ti dàgbà ju bí màmá mi ṣe wà lọ́jọ́ Sátidé yẹn lọ, iwájú ni mo ṣì ń wò.

Láàárọ̀ yìí, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti máa ń pè mí lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú ń tì mí bíi ti Bísí Mùṣín. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọ́ géètì dá mi mọ̀, ó wo ọwọ́ mi. "Àǹtí olóúnjẹ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Kí lẹ gbé wá fún wa?"

Mo ní, "Mi ò gbé nǹkan kan wá."