Ikọ́ Tí Bàbá Ọkọ Mi Bá Ajá Wú

Lọ́dún tí mo wọlé ọkọ ní Ṣakí, nínú gbogbo ará ilé, ajá ló ṣòro fún mi jù láti bọ̀wọ̀ fún. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, àwọn ìyálé mi sì ní mo bá ajá bàbá ọkọ mi nílé, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun kì í bá ìyálé jiyàn. Mo wo eyín ajá náà, mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, mo sì ń kí i láràárọ̀. Kò dá mi lóhùn rí.

Bàbá ọkọ mi ti dàgbà, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ọdẹ ni láti kékeré. Láti ìgbà òjò ló ti máa ń retí ọjọ́ tí gbogbo ọdẹ ìlú ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá ti sun koríko tán. Àwọn ọdẹ ti sọ fún un pé ajá yẹn ni ojú rẹ̀: bí ajá bá lọ, bàbá á lọ, bí ajá bá jókòó, bàbá á jókòó. Òfin sì wà pé ajá tó bá ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn, nítorí á lé ẹran sá, á sì kó o ran àwọn ajá yòókù. Bàbá gan-an ló ṣe òfin náà nígbà tó jẹ́ olórí ọdẹ.

Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń bára wọn jagun lókè òkun nígbà yẹn. Ogun tiwa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àlejò kan láti Ìgànná wá sùn sọ́dọ̀ wa, òun àti ajá rẹ̀ tó ń wúkọ́. A ò kà á sí. A tiẹ̀ bu omi fún ajá méjèèjì nínú igbá kan ṣoṣo, kí wọ́n lè dọ̀rẹ́. Wọ́n dọ̀rẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún tí àlejò ti lọ, tó ku ọjà mẹ́ta kí àwọn ọdẹ jáde, Eyínfúnjowó na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni tí egungun há lọ́fun. Bàbá kiwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò bá egungun kankan níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “ìwọ nìkan lo rí èyí. Bó bá détí ẹlòmíì, mo ti jókòó sílé nìyẹn.”

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìyá ọkọ mi yọ láti ẹ̀yìnkùlé. Ajá tún wúkọ́. Kí n tó ronú ohun tí màá sọ, bàbá ti wú tirẹ̀, ó pariwo ju ti ajá lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ajá bá ti wúkọ́ nínú yàrá, bàbá á wú tẹ̀ lé e. Kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà míì á ṣáájú ajá. Ìgbà míì iyán á kún ẹnu rẹ̀, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ajá á kàn máa wò ó.

Èmi ni mo ń tọ́jú aláìsàn gidi. Ajá pọ̀ nílé bàbá mi ní Adó-Àwáyè, mo sì mọ ohun tí ìyá mi máa ń ṣe fún wọn. Mo tú okùn kúrò lọ́rùn rẹ̀ kó má baà máa fún un lọ́nà ọ̀fun, mo gbé e gba àyà. Mo mú un kúrò nítòsí èéfín ààrò àti nínú eruku ọyẹ́, mo tẹ́ ẹní àtijọ́ fún un ní yàrá bàbá. Mo fún un ní igbá omi tirẹ̀, mo sì ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, torí ojú wa ti là. Mo po oyin mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fún omi ewé efinrin díẹ̀ sí i, mo sì ń fi òrí pa á láyà lálaalẹ́. Ká sòótọ́, ìsinmi ló ń wo irú ikọ́ yẹn jù. Oyin kàn ń tù ú nínú ni.

Ti bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo obìnrin ilé ló ń ṣètọ́jú ikọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi á gbé àgbo wá, á dúró tì í títí á fi mu ún tán. Àwọn ìyálé mi á kó orógbó dé. Ajá ń lá oyin, bàbá ń mu omi ewúro. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ló dé tí òun kì í rí nínú oyin yẹn. Mo ní ajá lara rẹ̀ kò yá.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Eyínfúnjowó kò wúkọ́ mọ́. Inú bàbá dùn, ó nu ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Mo ní kóun náà fi ikọ́ sílẹ̀. Ó ní rárá, pé bí ikọ́ bá dá lójijì, wọn á fura. Díẹ̀díẹ̀ lòun máa fi yá. Àgbàlagbà yìí gbọ́n jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọdẹ máa jáde, olórí wọn wọlé wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. “Bàbá, ẹ má bínú,” ó ní. “A ń gbọ́ ikọ́ yín láti ilé kẹta. Òfin tí ẹ ṣe fún ajá, ẹ jẹ́ kó mú ẹ̀yin náà lọ́dún yìí. Ẹ fún wa lájá, yóò ṣọdẹ dípò yín.”

Bàbá wo ojú mi. Mo la ẹnu láti sọ òótọ́, ó mi orí sí mi. Bó bá jẹ́wọ́, wọn á mọ̀ pé ẹni tó ṣòfin ló fi ajá aláìsàn pa mọ́. Ó fa okùn ajá lé olórí ọdẹ lọ́wọ́. Eyínfúnjowó bá wọn lọ, ó ń jùrù, kò wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan. Inú bí mi débi pé, ọkọ ni àbí kì í ṣe ọkọ, díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ lókùúta.

Àwa méjèèjì jókòó síwájú ilé. A ń gbọ́ bí àwọn ajá ṣe ń gbó lọ sọ́nà oko títí a ò fi gbọ́ wọn mọ́. Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàbá,” mo ní, “ajá ò sí nílé mọ́.”

Ó ní òun mọ̀. Mo dìde, mo lọ gbé kèrègbè oyin jáde, mo sì da gbogbo èyí tó kù fún un.