Ẹ̀kọ́ Ọ̀sán Sọ́ńdè

Òórùn gọ́ọ̀mù àti páálí ló máa ń wà nínú yàrá ọmọ mi ní Surulere. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló kọ́ ní yunifásítì, ó sì máa ń fi páálí kọ́ àwọn ilé kéékèèké títí àjákù páálí á fi kún gbogbo ilẹ̀. Nígbà tó ríṣẹ́ sí Kánádà tó sì lọ, oṣù mẹ́rin gbáko ni òórùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Màá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ bí ẹni ń wá nǹkan, màá dúró díẹ̀, màá sì tì í padà. Ọjọ́ tí òórùn náà lọ tán, ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ yẹn ni mo tó gbà pé ọmọ ti lọ lóòótọ́.

Èmi àti òun nìkan la jọ ń gbé. Ìyá rẹ̀ ti kú látìgbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ìyá mi ni mo máa ń pe ọmọbìnrin mi yìí, torí ẹ̀yìn ikú ìyá mi gan-an la bí i. Gbogbo Sọ́ńdè, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ló máa ń pè mí. Àmọ́ kí ni bíríkìlà bíi tèmi fẹ́ bá ọmọ tó wà nílùú yìnyín sọ?

"Ṣé dáadáa lẹ wà, Dádì?"

"Dáadáa ni. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Ìṣẹ́jú márùn-ún ò ní pé tá a ó fi dágbére. Màá wá máa wo fóònù bí ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ tí ò tó fún.

Lẹ́yìn ọdún kan tó ti lọ, oníbàárà kan ní Yaba, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní kí n wá wo ilẹ̀ rẹ̀. Mo ṣe bí mo ṣe ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún: mo mú igi, mo ya ilé náà sínú yanrìn, pálọ̀ rèé, kíṣìnnì rèé. Ó wo yanrìn, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà ni?" Kò fi ìwọ̀sí sọ ọ́ o, àmọ́ kò pè mí mọ́. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni mo rò ó fún ọmọ mi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. "Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e jáde, Dádì. Màá kọ́ yín."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á máa wo ojú kọ̀ǹpútà mi láti ọ̀hún, á máa darí mi. Máòsì yẹn fúyẹ́ lọ́wọ́ tó ti mọ́ búlọ́ọ̀kù lára, àfi bíi pé eṣinṣin ni mo dì mú. Mo fa ògiri kan, ó lọ títí ó jáde kúrò láyé. Mo ní ínṣì mẹ́sàn-án ni mo fẹ́, ó ní mìlímítà ni wọ́n ń lò. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tó di oṣù kejì, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún tirẹ̀ ṣe. Ó ya àtẹ̀gùn kan kí n fi kọ́ṣẹ́, mo ní, "Ìyá mi, ẹni tó bá ru omi gba ibí yìí, garawa rẹ̀ á gbá òkè." Ó wọ̀n ọ́n, ó ní, "Òótọ́ ni o. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa ní ìyẹn." Wákàtí méjì, nígbà míì mẹ́ta, la máa ń lò. Àárín ẹ̀kọ́ yẹn ló ti máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ọ̀gá òun le, pé òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun, pé òun rí iṣu rà àmọ́ kò dùn.

Ọjọ́rú kan, òjò ò jẹ́ ká ṣiṣẹ́ níbi tá a ti ń kọ́lé ní Costain. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, mo sì ya ilé oníyàrá mẹ́ta, tògiri tòrùlé, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ilé tí mo ti ń rò láti kọ́ fún ara wa ni. Yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni mo kọ orúkọ ọmọ mi sí. Nígbà tí mo parí, mo yí i síwá sẹ́yìn, kò lábùkù. Ó yẹ kí n yọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti mọ̀ ọ́n. Kí la ó wá máa sọ ní Sọ́ńdè?

Ni mo bá díbọ́n. Sọ́ńdè yẹn mo ní, "Wíńdò yìí, báwo ni wọ́n tún ṣe ń fi í síbẹ̀?" Ó tún kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mo ń ya pláànù fún oníbàárà, tó bá di Sọ́ńdè mo di ọ̀dẹ̀. Ojú ń tì mí, àgbàlagbà tó ń parọ́ fọ́mọ, àmọ́ mi ò lè fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo tún bi í nípa wíńdò. Ó wá ní, "Dádì, àkáǹtì mi ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá yà síbẹ̀ ló ń hàn sí mi níbí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ya ilé yẹn gan-an ni mo rí i. Mo rí yàrá mi."

Mo dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ?"

"Kí ló dé tẹ́yin ò sọ? Mo rò pé tí mo bá sọ, ẹ̀kọ́ tán nìyẹn. Àárò yín ń sọ mí, Dádì."

Nílé tiwa, a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti jẹun la máa ń béèrè. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo sọ ọ́ pé, "Àárò tìrẹ náà ń sọ mí."

Ọdún kẹta rèé tó ti lọ. Kò tíì wálé, ohun kan ṣáà ń dí i lọ́wọ́, èmi náà ò sì tíì rí ilẹ̀ tí màá kọ́ ilé yẹn sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo ń tan ọmọ mi, òun náà ń tàn mí, nítorí ohun kan náà. Mo máa ń rántí ìyẹn tí ilé bá dákẹ́ jù. Ní Sọ́ńdè báyìí, a kì í ṣí kọ̀ǹpútà mọ́. Nígbà míì ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wa, kò sì ní sẹ́ni tó máa dágbére. Màá máa gbọ́ bó ṣe ń fọ abọ́, òun á máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.

"Dádì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."