Kí Lọ́ọ̀dù Ṣáà Pẹ́ Di Ọjọ́bọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni okùn aṣọ fèrèsé yàrá Lọ́ọ̀dù Harcombe há. Hester Pobjoy, olùtọ́jú tí gbogbo ilé ń pè ní Nánà, fà á títí, aṣọ náà ò gòkè. Kó tó rí àga gùn láti tú okùn, oníwèé ìròyìn kan tó ti fi ilé ọtí abúlé ṣe ibùgbé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti gbójú sókè, ó ti rí i pé fèrèsé ṣì wà ní bíbò lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, ó sì ti fi eré gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Harcombe pé ilé tí wọ́n bá bo fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án, òkú ló wà níbẹ̀. Wọn ò tíì jẹun àárọ̀ tán tí wáyà fi ń rọ́ wọlé láti London, tí wọ́n ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni Lọ́ọ̀dù ti kú.

Bàbá arúgbó tí wọ́n ń wí wà lórí ibùsùn, ó ń jẹ ẹyin.

"Ta ló ní mo kú?" ló bi Hester.

"Àwọn oníwèé ìròyìn ni, lọ́ọ̀dù mi."

"Wọn ì bá ti bi èmi fúnra mi kọ́kọ́. Iyọ̀ dà?"

Kò pẹ́ tí Pinnock fi gòkè wá, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Òun ni alábòójútó ilé àti ilẹ̀. Ó pe Hester síta, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Nánà, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Okùn lásán, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi so Ọ̀gbẹ́ni Edmund kọ́."

Òótọ́ ló sọ. Edmund ni ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí, ilé ìgbìmọ̀ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ló sì ti ń ṣòfin. Òfin tí kò ní jẹ́ kí onílẹ̀ máa lé àgbẹ̀ alágbàṣe jáde nínú ilé lójijì, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá wọn fà, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa dìbò lé e. Bó bá wọlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n bí Lọ́ọ̀dù bá mí èémí ìkẹyìn, lójú ẹsẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ di lọ́ọ̀dù, lọ́ọ̀dù kan kò sì gbọdọ̀ la ẹnu nínú ilé yẹn mọ́. Àwọn ọmọ ọlọ́lá a máa ka ọjọ́ tí oyè bàbá yóò kàn wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ ni Edmund ń bẹ̀ kí tirẹ̀ má tètè kàn án.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá London ò gbọ́ èyí rí. Èso àjàrà ń dé nínú apẹ̀rẹ̀, ọtí ìyebíye ń dé, dókítà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá gbọ́ àyà arúgbó. Láti ọdún yìí wá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi í pé báwo lara. Ọmọ ọ̀hún gan-an kò wá. Kò ráyè. Inú ń bí Hester sí gbogbo wọn, ó sì ń bí i sí ara rẹ̀, torí òun náà kì í lè sùn lálẹ́, ó ń gbétí sí bí bàbá ṣe ń mí, kó má lọ jẹ́ pé kò ní pẹ́ di Ọjọ́bọ̀. Kò sì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun, bàbá tàbí ọmọ.

Àbí ta ló tọ́ ọmọ náà? Hester ṣì kéré nígbà tó kọ́kọ́ fi àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé wọ ilé náà. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Lọ́ọ̀dù kú lórí ìkúnlẹ̀, apá Hester ni wọ́n gbé ìkókó lé. Òun ló kọ́ ọ ní ìrìn, òun ló gé orúkọ Edmund kúrú, tó ń pè é ní Ned. Ààrá ló ń ba Ned lẹ́rù jù láyé. Bó bá ti ń sán, Hester á gbé e mọ́ àyà, á ní, "Ó ti lọ, Ned. Ó ti kọjá odò." Irọ́ ni. Ààrá ṣì ń bú lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n ọmọ á gbà á gbọ́, á sì sùn.

Abel Tizzard, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin, fẹ́ fi Hester ṣaya nígbà náà, ó ní kí àwọn jọ lọ sí Canada. Hester ní kó jẹ́ kí Ned kọ́kọ́ lọ sílé ìwé. Abel ò dúró. Ned lọ sílé ìwé, Hester sunkún láàárín aṣọ ibùsùn tó ká, ó nu ojú, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí Ned kọ́kọ́ jáde du ipò, ẹyin òbu ni wọ́n sọ lù ú lọ́jà, Hester ló fọ ẹ̀wù náà. Nígbà tó di mínísítà, ó gba Hester mọ́ra lójú àwọn àlejò, Hester sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko rìn bí ẹni tó jẹ oyè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá wo gbogbo apẹ̀rẹ̀ tó kún yàrá.

"Pobjoy, kí ni gbogbo èso yìí wà fún?"

Hester sọ fún un. Kò rí ìdí tó fi yẹ kó pa á mọ́. Arúgbó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Òfin tí yóò dè mí lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ mi, èmi náà ni kí n wà láàyè kó lè wọlé. Ọmọ yìí ò gbọ́ràn láti kékeré." Ó nu ẹnu. "Ọjọ́bọ̀, àbí?"

"Ọjọ́bọ̀ ni, lọ́ọ̀dù mi."

"Ó ti rẹ̀ mí o. Ṣùgbọ́n màá dúró. Bó bá ti tán, sọ fún mi."

Ó dúró lóòótọ́. Ní Ọjọ́rú kò jẹ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ó ti di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú, èémí rẹ̀ ń ha bí ayùn lára igi tútù. Dókítà ní kò sí ohun tóun tún lè ṣe. Hester fa aṣọ fèrèsé sókè, oníwèé ìròyìn rí i, ó yí padà.

"Ó ti tán?" ni bàbá béèrè lọ́sàn-án.

"Ó kù díẹ̀, lọ́ọ̀dù mi."

Ó tún béèrè. Ó tún béèrè. Oòrùn rọra ń yí lọ lára ògiri bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Hester mọ̀ pé ní London, bóyá ni wọ́n tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìka bàbá ti funfun lára irin. Omijé ń jáde lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń sunkún, Hester kò sì rí irú rẹ̀ lójú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dé ilé náà.

"Pobjoy. Ó ti tán?"

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó dá a dúró. "Ó ti tán, lọ́ọ̀dù mi. Wọ́n ti dìbò. Ned borí. Ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin."

Bàbá lajú. "Aláìgbọ́ràn," ló wí, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. "Á dé láàárọ̀ nìyẹn. Ní kí wọ́n se ẹyin fún un. Kì í jẹun nínú ọkọ̀."

Ó jọ̀wọ́ irin ibùsùn náà. Hester rò pé oorun ló ń bọ̀. Oorun náà ló fẹ́ fún un, kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúró kó tún mí. Ó dúró títí.

Nígbà tí Pinnock fi sáré gòkè, Hester ti fa aṣọ fèrèsé wálẹ̀, oníwèé ìròyìn sì ti dé ìdajì ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Nánà, ẹ ò lè fi sílẹ̀ di alẹ́? Alẹ́ yìí péré?"

"Òun dúró," ni Hester wí. "Èmi ni mi ò jẹ́ kó dúró mọ́."

Òfin náà ò wọlé. Edmund ti fi fìlà sórí àga rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti fi gba àyè, ó sì ti fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n na wáyà sí i. Ó jáde, kò sì padà wọlé mú fìlà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó fi orí lásán rìn la abúlé kọjá nínú òtútù, àwọn ará Harcombe sì ń sọ láàárín ara wọn pé ó mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún bàbá.

Hester dúró dè é nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, ó ti múra àtilọ.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?" ni Edmund béèrè.

"Èmi ni, lọ́ọ̀dù mi."

Kò tíì sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó di ojú. Hester rò ó fún un látòkè délẹ̀, irin ibùsùn, oòrùn ara ògiri, irọ́ tóun pa. Kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àwáwí.

Edmund tún lajú. "Ṣé ó gbà á gbọ́?"

"Ó gbà á gbọ́. Ó ní ẹ ń bọ̀ láàárọ̀, ó ní kí wọ́n se ẹyin fún yín."

Ẹyin náà wà lórí tábìlì, Hester ti ní kí wọ́n sè é. Edmund wò ó. Ó wo àpótí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó sì fa àga kejì.

"Ẹ jókòó, Nánà."

Ìránṣẹ́ kì í jókòó nídìí tábìlì yẹn. Hester jókòó.

Edmund mú ṣíbí, ó sì tún gbé e sílẹ̀. "Ẹ bá mi sọ ọ́," ló wí. "Èyí tí ẹ máa ń sọ nígbà ààrá."

Hester fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti lọ, Ned. Ó ti kọjá odò."

Ó jẹ ẹyin náà tán.